Aago Ni Mo Fi Ja Olùkọ́ Mi Lólè

Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni mo yí padà. Mo pa ọgọ́ta rẹ́, mo kọ mẹ́rìnlélógójì sí ipò rẹ̀. Kò gbà mí ju ìgbà tí èèyàn máa fi mu ife tíì kan lọ. Ṣùgbọ́n títí dòní, ẹ̀yin òǹkàwé, mi ò tíì rí ọ̀nà tí mo lè gbà dá ohun tó bàjẹ́ padà.

Nobuo ni orúkọ mi. Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan nínú yín ti fọwọ́ kan iṣẹ́ mi láìmọ̀. Lọ́dún 1986, nígbà tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ilé kan ní Osaka, nílẹ̀ Japan, tí wọn ò so ẹ̀rọ géèmù mọ́ tẹlifíṣọ̀n, èmi ni mo ṣe kásẹ́ẹ̀tì ṣógì tí iléeṣẹ́ wa gbé jáde. Ṣógì, ayò àwọn baba wa, tí ọba méjì ń fi ọmọ ogun kojú ara wọn lórí ọpọ́n. Iléeṣẹ́ náà ti kógbá wọlé tipẹ́. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí ọwọ́ tèmi ló ṣe é.

Bàbá Sugitani ló kọ́ mi ní ṣógì. Tíṣà ni gbogbo wa ń pè é. Ó ní gbọ̀ngàn ayò kan ní àdúgbò Shinsekai, lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń din ẹran mọ́ igi, òórùn epo gbígbóná a sì máa bá èèyàn gun àtẹ̀gùn dé òkè. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀. Tíṣà wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ṣé o mọ bí wọ́n ṣe ń tẹríba?"

"Rárá, sà."

"Ó dáa. Lónìí, o ò ní fọwọ́ kan ọmọ ayò kankan. Ìtẹríba la máa kọ́."

Nínú ṣógì, a kì í dúró kí wọ́n wá pa ọba wa. Bó o bá ti rí i pé ó ti tán, wàá jókòó dáadáa, wàá tẹríba, wàá fi ẹnu ara rẹ sọ pé, "Mo ti pàdánù." Bó o bá ti sọ ọ́, ó parí nìyẹn. Bí wọ́n bá tiẹ̀ padà rí i pé ẹni kejì rú òfin, ẹni tó tẹríba ti tẹríba. Bí ọwọ́ rẹ bá sì ti kúrò lára ọmọ ayò, kò sí ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n dá a padà. Àwọn bàbá tó ń wá síbẹ̀ lè fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́, ṣùgbọ́n bó bá kan nǹkan méjì yìí, kò sẹ́ni tó ń ṣe àwàdà.

Lọ́jọ́ tí Ọ̀gá Tsujimura níbi iṣẹ́ sọ fún mi pé èmi ni mo máa gbé ṣógì wọ inú ẹ̀rọ, mo sáré lọ bá Tíṣà.

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀rọ tí àwọn ọmọdé fi ń yìnbọn lu kòkòrò? Òun ló fẹ́ ta ṣógì?"

"Ẹ̀yin lẹ máa kọ́ ọ, Tíṣà."

"Ṣé ó máa ń sanwó tíì?" Bàbá Ikeuchi, onígbàjámọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, ló béèrè bẹ́ẹ̀ láti igun yàrá. "Bí kò bá sanwó tíì, kó má gòkè wá síbí o. Gbèsè tèmi nìkan ti tó Chizuru."

Chizuru ni ọmọ Tíṣà obìnrin, òun ló ń po tíì fún wa. Ó fi ọdún mẹ́rin jù mí lọ. Láàárọ̀, ó ń kọ́ àwọn ọmọdé bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, aago kékeré tó fi ń wọn eré wọn kì í sì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, àní bó bá ń gbé tíì pàápàá.

Bẹ́ẹ̀ ni Tíṣà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí ilé mi ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, pẹ̀lú àwọn ìwé tó ti ń kọ ayò sí láti ogójì ọdún. Ó ń sọ, mo ń kọ ọ́ fún ẹ̀rọ. Ohun kan ṣoṣo ló béèrè lọ́wọ́ mi.

"Ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń tẹríba. Bó bá fìdí rẹmi, kó sọ ọ́."

"Ààyè ò sí, Tíṣà. Ohun tí kásẹ́ẹ̀tì yìí gbà ò ju ìwé pẹlẹbẹ kan lọ."

"Yọ nǹkan mìíràn kúrò. Ẹ̀rọ tó ń borí tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń pàdánù, kí ló fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ?"

Mo yọ orin ìbẹ̀rẹ̀ kúrò, mo fi ìtẹríba sí i. Lọ́jọ́ tí ọba kékeré yẹn kọ́kọ́ tẹ orí rẹ̀ ba lójú tẹlifíṣọ̀n, tí ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé "Mo ti pàdánù," inú Tíṣà dùn débi pé òun náà tẹríba fún un.

Ọjọ́ Àìkú yẹn náà ló mú mi lọ sí etí odò. A jókòó, a ń jẹ takoyaki gbígbóná, àkàrà róbótó tí ẹran òkun wà nínú rẹ̀, a ń fẹ́ ẹ lẹ́nu. Láìjẹ́ pé mo bi í, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn kan fún mi.

Nígbà tó wà lọ́mọ ọgbọ̀n ọdún, ó wà lára àwọn tó fẹ́ fi ṣógì ṣiṣẹ́ jẹun. Wọ́n sọ fún un pé bó bá borí nínú ayò ọjọ́ yẹn, ó ti wọlé, bó bá fìdí rẹmi, kó máa lọ sílé. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá ni wọ́n fún un láti ronú lórí ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó ti rí ọ̀nà tí yóò fi há ọba ẹni kejì mọ́. Ẹni tó ń ka aago ń kà á sókè, "Mẹ́fà, méje, mẹ́jọ." Ọwọ́ Tíṣà ń gbọ̀n. Ọmọ ayò náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kó tó he é, àkókò ti tán.

"Kì í ṣe ẹni kejì ló nà mí, Nobuo. Aago ni. Bí àgbàlagbà bá gbọ́ tí wọ́n ń ka ìṣẹ́jú àáyá tó kẹ́yìn sí i létí, ọmọdé ló ń dà. Chizuru pàápàá ò mọ ìtàn yìí. Má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni o."

"Mi ò ní sọ, Tíṣà."

Mi ò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo fi í ṣe burú ju kí n sọ ọ́ lọ.

Ní oṣù Kẹwàá, Ọ̀gá Tsujimura ju kásẹ́ẹ̀tì náà sórí tábìlì mi.

"Bàbá ìyàwó mi na ẹ̀rọ rẹ lẹ́ẹ̀mẹta lánàá. Bàbá tó jẹ́ pé láàárín ìṣísẹ̀ kan sí èkejì, ó ń sùn! Ta ló máa ra ìranù yìí?"

"Ọ̀gá, kò sí ààyè mọ́. Ẹ̀rọ náà ò lè ronú ju bẹ́ẹ̀ lọ."

"Ṣé mo ní kó gbọ́n ni? Mo ní kó máa borí. Iléeṣẹ́ kan ní Tokyo máa gbé tiwọn jáde kí ọdún tuntun tó dé. Wá nǹkan ṣe sí i." Ó rọ ohùn rẹ̀. "Bó bá dára, orúkọ rẹ ló máa kọ́kọ́ jáde lójú tẹlifíṣọ̀n. Tìẹ nìkan, lẹ́tà gàdàgbà."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà, mi ò sì tíì rí orúkọ mi níbì kankan rí àfi lára ìwé iná mànàmáná. Mo jókòó ti ẹ̀rọ náà. Ohun tí Tíṣà sọ létí odò ló wá sí mi lọ́kàn. Aago ni.

Ẹ̀rọ yẹn ò ní aago kankan nínú. Àwòrán tó ń kọjá lójú tẹlifíṣọ̀n ló ń kà. Bó bá ka ọgọ́ta àwòrán, ìṣẹ́jú àáyá kan ti lọ. Mo wá kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé bó bá ti rí i pé èèyàn fẹ́ borí òun, mẹ́rìnlélógójì ni kó máa kà. Lójú tẹlifíṣọ̀n, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá ló máa hàn. Méjìlélógún ló máa jẹ́. Ẹni tó ń ta ayò yóò kàn mọ̀ pé àyà òun ń já ni, yóò sì rò pé òun lòun ń lọ́ra.

Mo fi dán àwọn ẹlẹgbẹ́ mi wò. Ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, wọ́n fìdí rẹmi. "Háà, ẹ̀rọ yìí le o!" Ọ̀gá Tsujimura pàtẹ́wọ́.

"Kí lo ṣe sí i?"

Mo la ẹnu kí n sọ ọ́.

"Rárá, má sọ ọ́," ni ó yára wí. "Mi ò fẹ́ mọ̀."

Ibi tí ì bá parí sí nìyẹn, kí n kàn máa ja àwọn tí mi ò mọ̀ lólè. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá Tsujimura tún gbé òmíràn dé. Iléeṣẹ́ wa fẹ́ ṣàfihàn kásẹ́ẹ̀tì náà ní ilé ìtajà ńlá kan láàárín ìlú, ní oṣù Kejìlá, lójú àwọn tó máa rà á lọ́pọ̀.

"Pe olùkọ́ rẹ wá. Gbogbo Shinsekai mọ̀ ọ́n. Bí ẹ̀rọ wa bá na irú bàbá bẹ́ẹ̀, àwọn oníwèé ìròyìn á gbé e."

Mo yẹ kí n kọ̀. Mo yẹ kí n sọ pé bàbá náà ń ṣàìsàn, pé ó rìnrìn àjò, irọ́ èyíkéyìí. Mo lọ pè é.

Lọ́jọ́ tó ṣáájú àfihàn náà, ó jókòó sórí àga kan nínú gbọ̀ngàn, Bàbá Ikeuchi ń gé irun rẹ̀.

"Gé e dáadáa, Ikeuchi. Ẹ̀rọ kan ń retí mi."

"Ẹ̀rọ ò lójú, Tíṣà. Kí ló fẹ́ fi irun yín ṣe?"

"Ìwọ náà ò lójú, ọgbọ̀n ọdún rèé tó o ti ń gé irun."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Láàárọ̀ ọjọ́ àfihàn, kásẹ́ẹ̀tì méjì ló wà nínú báàgì mi. Ọ̀kan ní aago òtítọ́, ìkejì ní aago tèmi. Ọwọ́ mi kan àwọn méjèèjì. Mo lè mú èyí tó wù mí, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀. Ọ̀gá Tsujimura wá dúró lẹ́yìn mi, ó ní, "Àwọn tó ń rajà ti dé láti Tokyo. Má dójú tì mí o." Mo sọ fún ara mi pé Tíṣà máa borí náà ni, pé aago kékeré yẹn ò lè ṣe é ní nǹkan kan. Mo ti ìkejì bọnú ẹ̀rọ.

Wọ́n ti tẹ́ ẹní sórí pèpéle láàárín àwọn ohun ìṣeré ọmọdé. Tíṣà kúnlẹ̀, ó jókòó lé gìgísẹ̀ rẹ̀ bí ẹni tó wà níwájú ọ̀tayò ńlá. Kò mọ bọ́tìnnì tẹ̀, nítorí náà èmi ni mo jókòó tì í. Ó ń sọ, mo ń tẹ̀.

Ta ní lè gbàgbé ayò yẹn? Tíṣà rọra ń yí ọba ẹ̀rọ náà ká, pẹ̀lú sùúrù. Nígbà tó yá, mo rí i pé ìṣísẹ̀ mẹ́rin péré ló kù. Tíṣà náà ti rí i. Ó mí kanlẹ̀, bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀.

Ẹ̀rọ náà ti rí i tẹ́lẹ̀ pé òun ń pàdánù. Aago tèmi ti ń ṣiṣẹ́.

"Pí. Pí. Pí."

Mo rí ọwọ́ Tíṣà lórí orúnkún rẹ̀. Ó ń gbọ̀n. Ó gbójú sókè wo nọ́ńbà tó ń lọ sílẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà. Kì í ṣe inú ilé ìtajà ló wà mọ́. Èmi nìkan ni mo mọ ibi tó wà, ọgbọ̀n ọdún ó lé sẹ́yìn, tí wọ́n ń ka mẹ́fà, méje, mẹ́jọ.

"Góò..." ni ó sọ. Ọmọ ayò tí à ń pè ní góòlù ló fẹ́ gbé. Òun gan-an ló yẹ kó gbé.

Ojú tẹlifíṣọ̀n di pupa. Àkókò ti tán.

Àtàǹpàkò mi wà lórí bọ́tìnnì.

Tíṣà fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì kan ẹní, ó tẹríba fún tẹlifíṣọ̀n, ó ní, "Mo ti pàdánù." Ohùn rẹ̀ já gaara, bó ṣe kọ́ mi lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá Tsujimura ló pàtẹ́wọ́ jù.

Bàbá Ikeuchi nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. "Tíṣà, ẹ ti pa á tán kẹ̀!"

"Aago ni aago, Ikeuchi."

A wọ ọkọ̀ ojú irin, a kọjá ibùdókọ̀ méjì. Tíṣà wá ní, "Nobuo, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá mi ti kúrú. Tẹ́lẹ̀, mo mọ bó ṣe gùn tó, bí èèyàn ṣe mọ yàrá ara rẹ̀. Lónìí, mi ò tíì wọlé tán tí wọ́n fi paná."

Ẹ wò ó o. Ara rẹ̀ sọ òtítọ́ fún un. Ó mọ̀ pé àkókò náà kúrú. Orí ara rẹ̀ ló dá lẹ́bi. Èmi sì jókòó tì í, mo di báàgì mi mọ́ra, mo ní, "Ó ti rẹ̀ yín ni, Tíṣà. Ẹ lọ sinmi."

Kásẹ́ẹ̀tì náà tà wàràwàrà. Orúkọ mi ló kọ́kọ́ ń jáde. Mo ra ọtí fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi.

Ní Shinsekai, nǹkan ń bàjẹ́. Tíṣà ò dá ẹjọ́ láàárín àwọn tó ń ta ayò mọ́. Bí wọ́n bá bi í ní nǹkan, á ní, "Ẹ bi ẹlòmíràn. Orí mi ò pé mọ́." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ ìwé mọ́ ara ògiri: *Pa gáàsì. Gbé kọ́kọ́rọ́. O ti jẹun.* Ó lọ sọ́dọ̀ dókítà lẹ́ẹ̀mejì. Dókítà ní kò sí nǹkan kan tó ṣe é.

"Ó ń fi pa mọ́ fún mi ni," ló sọ fún Chizuru. "Nobuo wà níbẹ̀. Ó rí i fúnra rẹ̀. Àbí o ò rí i, Nobuo?"

Chizuru wò mí. Mo gbé ife tíì mi sẹ́nu.

Ní oṣù Kejì, ó kéde pé òun máa ti gbọ̀ngàn pa nígbà tí oṣù Kẹta bá parí. Ó ní kí n dúró lẹ́yìn. Ó gbé ọpọ́n ayò rẹ̀ síwájú mi, èyí tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, igi kan ṣoṣo tó nípọn bí ìrọ̀rí, tó fi ẹsẹ̀ mẹ́rin dúró.

"Tìẹ ni. Ìwọ ló kù tí orí rẹ̀ ṣì pé."

Ì bá jẹ́ èèyàn ni mí, ọjọ́ yẹn ni ǹ bá ti jẹ́wọ́. Mo tẹríba, mo gbé ọpọ́n náà lọ sílé. Ó wúwo débi tí mo sinmi lẹ́ẹ̀mẹta lójú ọ̀nà.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni àṣírí tú.

Tíṣà ti lọ sí ilé ìwẹ̀ àdúgbò. Bàbá Ikeuchi tan ẹ̀rọ tí iléeṣẹ́ wa fi ta gbọ̀ngàn lọ́rẹ, ó ń bá a jà. "Ìwọ ẹ̀rọ aláìlójú yìí, ìwọ lo da orí Tíṣà rú. Èmi lo máa bá lónìí!" Àwọn yòókù ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Chizuru wọlé láti ibi tí wọ́n ti ń lúwẹ̀ẹ́, irun rẹ̀ ṣì tutù, aago rẹ̀ ń fì lọ́rùn. Ó ń bọ́ bàtà.

"Pí. Pí. Pí."

Ó dúró, bàtà kan lẹ́sẹ̀, ọ̀kan lọ́wọ́.

"Kí ni ẹ̀rọ yẹn ń kà?"

"Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá ni," ni Bàbá Ikeuchi wí. "Má bá mi sọ̀rọ̀, mo fẹ́ pa á!"

"Ìyẹn kọ́ ni ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá."

"Ó wà lójú tẹlifíṣọ̀n kẹ̀!"

"Bàbá Ikeuchi, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá ni àwọn ọmọ ọlọ́dún mẹ́jọ mi fi ń lúwẹ̀ẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Ìgbà ọgọ́rùn-ún ni mò ń rí i lóòjọ́. Mo lè fojú dídì mọ̀ ọ́n."

Ó gbé aago ọrùn rẹ̀ sókè. Ó tẹ̀ ẹ́ nígbà tí kíkà bẹ̀rẹ̀, ó tún tẹ̀ ẹ́ nígbà tó parí. Méjìlélógún. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Méjìlélógún. Ó ní kí Bàbá Ikeuchi mọ̀ọ́mọ̀ ṣàṣìṣe. Bàbá Ikeuchi fi ọmọ ayò rẹ̀ tó dára jù tọrẹ, ó ń ráhùn. Chizuru tẹ aago. Ọgbọ̀n géérégé.

Bàbá Ikeuchi ju ohun tó ń tẹ̀ sílẹ̀.

"Bí mo bá ń borí, ó ń sáré," ló wí jẹ́jẹ́. "Bí mo bá ń fìdí rẹmi, ó ń rìn."

Gbogbo ojú yí sí mi.

"Nobuo," ni Chizuru wí. "Ta ló ṣe aago yìí?"

Bàbá Ikeuchi fẹ́rẹ̀ẹ́ máa bẹ̀ mí. "Sọ pé ẹ̀rọ náà ló bàjẹ́. Jọ̀ọ́, ìwọ ọmọ yìí. Sọ pé ó bàjẹ́ ni."

"Èmi ni," ni mo wí. "Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni."

Kò sẹ́ni tó nà mí. Ì bá dára ká ní wọ́n nà mí. Bàbá Ikeuchi kàn yíjú sí ògiri, ó ní, "Ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn, ẹ̀gún ló fi sọ́wọ́." Chizuru wọ bàtà rẹ̀ padà.

"Dìde. Ìwọ lo máa sọ fún un."

A bá Tíṣà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n fún omi gbígbóná, táwẹ́ẹ̀lì wà lọ́rùn rẹ̀, abọ́ kékeré wà lábẹ́ apá rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ sójú títì. Mo sọ gbogbo rẹ̀.

Ó tẹ́tí. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ọmọ rẹ̀. "Chizuru, ìwọ lo kọ́ ọ ní ohun tó máa sọ, àbí? Ẹ ṣeun. Èèyàn dáadáa ni ẹ̀yin méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹ má parọ́ nítorí kí inú mi lè dùn."

"Bàbá, òótọ́ ni! Ẹ wo aago!"

Ó fi ọwọ́ bo aago náà, kò wò ó.

"Tíṣà," ni mo wí, "ẹ rántí etí odò. Ẹ ní kì í ṣe ẹni kejì ló nà yín, pé aago ni. Ibẹ̀ ni mo ti rí i. Ìyẹn ni mo fi ṣe é."

Ẹ̀rín náà kú lójú rẹ̀. Ìgbà yẹn ló gbà mí gbọ́.

Chizuru ń wo àwa méjèèjì. "Etí odò wo? Kí lẹ sọ fún un?"

Èmi ló ń wò.

"Ayò yẹn," ni mo wí, mo ń sunkún, "ẹ̀yin lẹ borí, Tíṣà. Màá kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn. Màá sọ fún gbogbo ayé pé ẹ̀yin lẹ borí."

"Mo ti tẹríba," ló wí.

"Ṣùgbọ́n ojóró ni, Tíṣà!"

"Mo ti tẹríba, Nobuo. Ẹni tó tẹríba ti tẹríba. Kí ni mo kọ́ ẹ láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá?"

Mo ní màá dá ọpọ́n náà padà lónìí. Ó mi orí. Ohun tó bá ti kúrò lọ́wọ́ òun, òun kì í gbà á padà.

Ó gbé abọ́ rẹ̀ sí apá kejì. Ó ti fẹ́ máa lọ kó tó dúró, kò bojú wẹ̀yìn.

"Oṣù méjì ni mo fi sọ fún ara mi pé ọjọ́ ogbó ni. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mo ti gbà á. Ì bá kúkú sàn kó jẹ́ ọjọ́ ogbó."

Ọ̀rọ̀ tó sọ fún mi kẹ́yìn láyé nìyẹn.

Ó ti gbọ̀ngàn pa ní oṣù Kẹta, bó ṣe wí. Ó já gbogbo ìwé tó lẹ̀ mọ́ ògiri, Chizuru ló sọ ìyẹn fún Bàbá Ikeuchi. Ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan ayò mọ́. Mo bẹ Ọ̀gá Tsujimura pé kí a tún kásẹ́ẹ̀tì náà ṣe. Ó ní, "Ta ló kà á?" Mo fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mo kọ lẹ́tà sí Tíṣà lẹ́ẹ̀méje, àwọn méjèèje sì padà wá bí mo ṣe lẹ̀ wọ́n.

Ní oṣù Kẹfà ọdún tó tẹ̀lé e, nígbà tí òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́, ọkàn rẹ̀ dáwọ́ dúró lójú oorun. Lọ́jọ́ ìsìnkú, Chizuru pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn pẹ̀lú aṣọ dúdú lára rẹ̀. Ó ní, "Jó tùràrí tìẹ fún òkú, kó o máa lọ." Mo jó o, mo sì lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti jókòó tì yín rí, kó fi ojú ọgbẹ́ rẹ̀ hàn yín nítorí pé ó fọkàn tán yín. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi ìka kàn án. Bó ti wù kí ohun tí wọ́n fi ń tàn yín dára tó.

Ọpọ́n náà wà nínú yàrá mi. Mi ò tíì ta ayò kan lórí rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n mo ti dá ọgọ́ta padà sí ipò rẹ̀ nínú kásẹ́ẹ̀tì tèmi, àti pé ní oṣù Kejìlá ọdọọdún, mo máa ń to ayò ọjọ́ yẹn sójú tẹlifíṣọ̀n bó ṣe wà nígbà tó di pupa. Mo máa ń sọ ọ́ sókè, "Góòlù," mo sì ń tẹ bọ́tìnnì. Ìṣísẹ̀ mẹ́rin. Ọba kékeré náà á tẹ orí rẹ̀ ba, á kọ ọ́ jáde pé, "Mo ti pàdánù."

Èmi náà á fi iwájú orí kan ọpọ́n Tíṣà, màá sọ bẹ́ẹ̀ tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń pa tẹlifíṣọ̀n.